Ọkùnrin Tó Ń Ta Ìdákẹ́jẹ́ ní Òpópónà Juniper

Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé olè ti jà nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan ni, nínú oṣù Ọ̀wàrà, ní gbọ̀ngàn ìlú Elmdahl, ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Ìlú ti hú òpópónà Juniper láti ìdí. Wọ́n ti kó ọ̀dà àtijọ́ dànù, wọ́n ti ri páìpù tuntun mọ́lẹ̀, wọ́n ń da kọnkéré gọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ta ni yóò sanwó rẹ̀? Àwọn tí ilé wọn kọjú sí i ni. Bí iwájú ilé rẹ bá ṣe gùn tó létí títì, bẹ́ẹ̀ náà ni owó rẹ yóò ṣe gùn tó. Owó títì ni gbogbo ayé ń pè é níbẹ̀, wọ́n sì máa ń pè é pẹ̀lú ẹnu kíkan.

Ará Elmdahl kì í ráhùn. Bí ilé rẹ̀ bá jó, á ní ó ṣáà lè burú jù báyìí lọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán, á ní èkejì ṣì wà. Owó títì nìkan ló máa ń la ẹnu wọn. Lọ́dún tí wọ́n ṣe òpópónà Birch, díákónì kan tí kò ṣépè rí láyé bọ́ bàtà rẹ̀, ó sọ ọ́ mọ́ ẹnjiníà ìlú, ó sì bà á. Ìtìjú mú díákónì náà títí tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà òtútù ni kò fi dúró mu kọfí lẹ́yìn ìsìn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ọlọ́pàá kan sẹ́nu ọ̀nà.

Janelle Bruhn ni ti ọjọ́ yìí, ọtẹlẹ̀múyẹ́ kan ṣoṣo tí ìlú ní. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń retí bàtà.

Méyọ̀ ka iye owó ilé kọ̀ọ̀kan. Ó gbójú sókè. "Ó yá o. Ta ló ní ọ̀rọ̀?"

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mira. Ẹnjiníà ti kó ìdáhùn sílẹ̀ bí ẹni se oúnjẹ àlejò. Àlejò ò wá. Lọ́yà ìlú dìde, ó kìlọ̀ fún wọn: ẹni tí kò bá fi ìwé àtakò tó fọwọ́ sí sílẹ̀ kí ìpàdé yìí tó parí, kò lè gbé ìlú lọ sí kóòtù mọ́ láé. Wọ́n kàn ń wò ó. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín ẹni tó ti fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ìrẹsì tirẹ̀, tó wá ń wo àwo ẹlòmíràn.

"Ṣé ẹ gbọ́ mi báyìí?" lọ́yà béèrè.

"A gbọ́," ni ohùn kan fèsì láti ẹ̀yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Méyọ̀ lu òòlù rẹ̀. Ó parí.

Janelle ò gbà gbọ́. Ẹni tí wọ́n bu owó lé tó ń rẹ́rìn-ín, bí kò bá ya wèrè, á jẹ́ pé ó rò pé òun ò ní san án ni. Odindi òpópónà kan ò sì lè ya wèrè lọ́jọ́ kan náà.

Ó dá ìyá arúgbó kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ardis Tollefsrud ni, opó tó kọ́ Janelle fúnra rẹ̀ ní Bíbélì nígbà tó wà lọ́mọdé.

"Mọ́mì Ardis, mo gbọ́ iye tí wọ́n kà fún yín. Ó mà pọ̀ o."

"Ó pọ̀ díẹ̀."

"Ẹ ò sì sọ nǹkan kan."

Ìyá náà so ìborùn rẹ̀ le. "Ojú ọjọ́ ti ń tutù o, Janelle."

Ní Elmdahl, bí wọ́n bá fi ojú ọjọ́ dá ọ lóhùn, wọ́n ti fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an rèé. Nínú oṣù tó ṣáájú, ọkùnrin kan dé sí òpópónà Juniper, ó ń ti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ lọ níwájú àwọn ilé. Ó pe ara rẹ̀ ní Gaylen Strand. Fìlà rẹ̀ ti ṣá, bàtà rẹ̀ lẹ́rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń rẹ̀. Kò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ó ń wọn ilẹ̀, ó ń mi orí, ó ń ṣe "ṣìọ̀" títí onílé fi jáde wá bá a fúnra rẹ̀.

"Kí lẹ rí?" Ardis bi í nígbà náà.

"Ẹ jọ̀wọ́, Mọ́mì. Kò kàn mí. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ."

"Iwájú ilé mi lẹ wà. Ó kàn mí."

Ó ṣí fìlà. "Owó tí wọ́n fẹ́ bù lé yín pọ̀ ju àǹfààní tí títì yìí máa ṣe fún ilé yín. Òfin ò sì gbà á. Ṣùgbọ́n ta ló ń sọ òfin fún èèyàn?"

Òótọ́ sì ni. Òfin ò gbà á. Òótọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyẹn, ó sì fi se odindi ìkòkò irọ́. Ardis fi kọfí lọ̀ ọ́. Ó kọ̀. Ó tún fi lọ̀ ọ́. Ó tún kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta ó gbà, bí ọmọlúàbí ibẹ̀ ṣe ń ṣe. Ó ti kọ́ ìyẹn.

"Ẹ lè gbógun tì wọ́n," ó ní. "Ẹ kàn máa dìde níwájú gbogbo ìlú ni, kí ẹ ké."

Ardis gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. "Níwájú gbogbo ìlú?"

"Bí ẹ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà mìíràn wà. Mo mọ àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ nínú ilé ìlú. Màá gbé ìwé àtakò yín wọlé ní kọ̀rọ̀. Ẹ san ìdajì owó náà fún mi, wọ́n á pa ìdajì kejì rẹ́. Ẹ ò ní dìde, ẹ ò ní sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi lè la ẹnu ní ìpàdé yẹn, gbogbo ẹ̀ ti bàjẹ́."

"Àwọn aládùúgbò mi ńkọ́?"

"Wọn ò lè rí i gbà. Ẹ̀yin nìkan ni, Mọ́mì. Ẹ wo bí ẹ ṣe tọ́jú ilé yìí. Ẹ má sọ fún wọn o. Ìlara á pa wọ́n."

Bó ṣe wí fún gbogbo wọn nìyẹn. Verle Amundson, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, òun nìkan ni nítorí ọpọlọ rẹ̀. Corinne Haugdahl tó ń ran aṣọ fèrèsé, òun nìkan ni nítorí pé kò dà bí àwọn tó kù ní òpópónà náà. Oníkálukú ti fura tipẹ́ pé òun yàtọ̀. Àlejò kan wá fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ta ni yóò jáde lọ sọ ọ́ fún àwọn tí kò yàtọ̀?

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbéraga ló mú Ardis sanwó. Kendall ni. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ó ń ta inṣọ́ránsì, ilé rẹ̀ wà ní òkè òpópónà kan náà. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ló ti ń sọ pé ilé ti pọ̀ ju agbára ìyá òun lọ. Ó ti wo yàrá kan sílẹ̀ fún un ní ilé àwọn arúgbó. "Ẹ jẹ́ ká wo bí owó títì yẹn á ṣe rí, Mọ́mì," ni ó wí. "Bí ó bá ti pọ̀ jù, àmì ni." Ardis ò fẹ́ àmì. Ó fẹ́ kú nínú yàrá tí ó ti ń sùn láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e níyàwó. Ó kọ ṣẹ́ẹ̀kì.

Lẹ́yìn ìpàdé, ìlú fi ìwé owó ránṣẹ́ sílé oníkálukú. Kò sí ìdajì kankan níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kọ.

Ardis kà á lórí ìdúró. Ó dúró pẹ́. Kò sunkún, àyà rẹ̀ ò já. Ó kàn ṣe é bíi pé ẹlòmíràn ló ń ka ìwé ẹlòmíràn. Ó nu orí sítóòfù tí kò dọ̀tí. Lẹ́yìn náà ó pe Strand.

"Mọ́mì mi!" ọkùnrin náà dáhùn, ohùn bí oyin. "Kọ̀mpútà ló tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé àtijọ́ ni. Ẹ má pe ilé ìlú rárá o, ẹ ó bà á jẹ́."

"Ó dáa," Ardis wí. Ó mọ̀ nígbà náà. Ó tún nu sítóòfù.

Janelle ti ń kan ilẹ̀kùn kiri. Ilé Verle Amundson ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ ò sọ̀rọ̀ ní ìpàdé."

"Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ sọ."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ fún mi ní ìyà ọ̀sẹ̀ kan torí mo jẹ ṣingọ́ọ̀mù?"

"Ó tọ́ sí ọ."

"Ṣé ẹnìkan wá bá yín lórí owó títì?"

"Èmi? Kò sẹ́ni tó lè lu èmi ní jìbìtì, Janelle."

"Ta ló dárúkọ jìbìtì?"

Verle wo ojú ọ̀run. "Ó jọ pé yìnyín máa bọ́," ó ní, ó sì pa ilẹ̀kùn dé pẹ̀lẹ́.

Corinne Haugdahl ò mọ nǹkan kan. Ọkùnrin tó wà lódì kejì rẹ̀ ò mọ nǹkan kan, ìyàwó rẹ̀ sì ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Janelle ti mú olè tó fi ìbọn halẹ̀, àwọn tí wọ́n jà lólè sì sunkún sí i lára. Kò rí èyí rí: olè ti lọ, àwọn tí ó jà lólè ló ń bò ó.

Ẹni tó ń fọ ọkọ̀ ní ilé epo ló fún un ní nǹkan dì mú. Ó ní ọkùnrin kan tó ní kẹ̀kẹ́ ìwọ̀n nínú ọkọ̀ ń gbé ní hòtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀. Janelle sáré débẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀, aṣọ ìnura ṣì tutù, kẹ̀kẹ́ ìwọ̀n fẹ̀yìn ti ibùsùn bí ajá tí olówó rẹ̀ gbàgbé.

"Ìgbà wo ló lọ?"

"Kò tí ì pẹ́," akọ̀wé hòtẹ́ẹ̀lì wí. "Ẹnìkan pè é lórí fóònù wa. Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ló ń kó ẹrù. Kò gba ṣéńjì."

"Ta ló pè é?"

"Ọkùnrin. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́."

Janelle jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹnìkan ní Elmdahl ti ta olè náà lólobó.

Lọ́jọ́ kejì, Kendall Tollefsrud yà sílé ìyá rẹ̀. Kò bọ́ kóòtù.

"Mọ́mì, ṣé ẹnìkan wá bá yín sọ̀rọ̀ owó títì?"

"Rárá o."

"Ó dá yín lójú? Kò sí àjèjì kankan?"

"Àjèjì wo ló máa wá bá mi?"

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Torí mo gbọ́ pé wọ́n ń lu àwọn àgbà ní jìbìtì. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, Mọ́mì, ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn. Ẹni tí wọ́n lè tàn báyìí, kò yẹ kó máa dá gbé. Yàrá yẹn ṣì ṣófo. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún."

"O ti sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo kàn ń rán yín létí ni."

Nígbà tó lọ, Ardis wọ kóòtù rẹ̀, ó rìn lórí pákó tí àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́ sórí kòtò iwájú ilé, ó sì lọ sí ilé Janelle. Wọ́n fi kọfí lọ̀ ọ́. Ó kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Janelle ò yọ ọ́ lẹ́nu. Ó dúró di ẹ̀kẹta.

"Mo san án," Ardis wí, ojú rẹ̀ wà lórí ife. "Owó tó yẹ kí n fi san ti ìlú ni mo kó fún un."

"Mo mọ̀, Mọ́mì Ardis."

"Bí mo bá sọ ọ́ ní gbangba, Kendall á gbé mi lọ. Bí mi ò bá sọ ọ́, màá san owó náà lẹ́ẹ̀kejì. Ilé ni màá tà kí n tó rí i san. Ọ̀nà méjèèjì, ibì kan náà ló já sí."

"Ẹ̀rù ń bà yín?"

Ìyá náà rò ó. "Rárá. Ó yẹ kó máa bà mí. N ò mọ nǹkan kan lára."

"Mo nílò ẹnì kan péré tó máa dìde níwájú èèyàn, kó ní òun sanwó, kó sì sọ ohun tó fi tàn òun. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó máa ní iṣẹ́ lòun ṣe, ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ṣé ó ṣì ń gbé fóònù yín?"

"Mọ́mì rẹ̀ ni mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà, Ardis ni ó dá àbá, ó sì dá a bí ẹni ń dárúkọ ìwọ̀n ìyẹ̀fun inú àkàrà òyìnbó. Ó gbé fóònù níbẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Strand? Ardis ni. Ẹ máà bínú o. Àbúrò mi Inez ni. Ilé rẹ̀ wà ní oríta. Wọ́n bu owó lé iwájú, wọ́n tún bù ú lé ẹ̀gbẹ́."

Ilé oríta! Ojú ẹni tí ebi ń pa ò gbọdọ̀ rí ẹran.

"Mi ò lè wá sí Elmdahl mọ́, Mọ́mì. Iṣẹ́ gbé mi lọ síbòmíràn."

"Ẹ má wá sí Elmdahl. Bakke ni Inez ń gbé. Ó jìnnà sí wa. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń ṣe oúnjẹ ẹja lọ́jọ́ Sátidé, á wà níbẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀."

"Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ni?"

"Ó kéré gan-an."

"Ẹja wa yẹn!" Strand rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, òun ni wọ́n fi wò mí dàgbà."

Irọ́ ni. Bí wọ́n bá fi ẹja yẹn wò ó dàgbà lóòótọ́, ìbá ti ju fóònù sílẹ̀, ìbá ti sá lọ sí Mẹ́síkò. Ọkùnrin yìí mọ òfin owó títì ní orí àti ẹsẹ̀. Ó mọ iye ìgbà tí wọ́n ń kọ kọfí. Ohun tí kò mọ̀ ni pé bí ṣọ́ọ̀ṣì kan, bó ti wù kó kéré tó, bá gbé pátákó oúnjẹ ẹja síta nígbà ìwọ́wé, kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ará Norway tó tẹ ilẹ̀ yìí dó, ti Elmdahl pẹ̀lú, láàárín ogójì máìlì tó máa jókòó sílé. Òkúpọrọ́kọ́ ni ẹja náà. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi eérú títí yóò fi máa mì lórí àwo bí ohun tó ń bẹ̀bẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo wọn ló ń lọ jẹ ẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, yìnyín àkọ́kọ́ ń já bọ́ ní Bakke. Strand gbé ọkọ̀ sórí pápá tí ọmọ ìjọ kan tọ́ka sí, ọkọ̀ mìíràn dúró tì í lẹ́yìn, òmíràn tẹ̀ lé e. Obìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà.

"Ìsàlẹ̀ ni oúnjẹ wà," obìnrin náà wí. "Ẹ jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì títí a ó fi pe nọ́ńbà yín."

Ó wọlé. Ó dúró ṣinṣin.

Àwọn ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì kún láti iwájú dé ẹ̀yìn, gbogbo òpópónà Juniper ló sì jókòó síbẹ̀, oníkálukú di tíkẹ́ẹ̀tì mú. Verle Amundson rí i, ó rọra ṣẹ́jú kan sí i, bí ẹni tó ní àṣírí pẹ̀lú èèyàn pàtàkì. Corinne Haugdahl tẹ orí ba ní ìwọ̀n díẹ̀. Ọkùnrin odì kejì rẹ̀ fi ìka kan kí i lórí orúnkún. Láti ìjókòó dé ìjókòó ni wọ́n ń ṣẹ́jú, kò sì sẹ́ni tó rí ti ẹnì kejì, torí oníkálukú dájú pé òun nìkan ni.

Janelle rí gbogbo rẹ̀. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù àti ìkòkò kọfí, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́jú.

Òógùn bo Strand. Ó yí padà.

"Ọ̀gbẹ́ni Strand."

Ohùn náà ò ga. Ardis Tollefsrud ti dìde ní ìjókòó àárín. Ó di ẹ̀yìn ìjókòó iwájú rẹ̀ mú. Ó rí Kendall létí ògiri, Kendall ń wo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bíi pé Bíbélì ni. Ìyá náà ń bá a lọ.

"Ẹ gba owó lọ́wọ́ mi kí n má bàa dìde sọ̀rọ̀. Mo ti dìde báyìí. Ẹ dá owó mi padà."

Wọ́n gbọ́ ariwo àwo nísàlẹ̀. Ẹnìkan wúkọ́. Ìtìjú tó wà nínú ilé náà nípọn tó ohun tí wọ́n lè fi ọ̀bẹ gé.

Verle Amundson dìde bí ẹni tí eegun ń dùn. "Èmi náà san án."

"Ẹ̀yin kẹ̀?" Corinne fò dìde. "Ó ní èmi nìkan ni!"

"Ìwọ báwo? Èmi ló ní èmi nìkan ni. Nítorí ọpọlọ mi."

"Ọpọlọ wo?"

"Ẹ gbọ́, èmi ló kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ní títì yẹn!" ọkùnrin odì kejì Corinne ké.

Báyìí ni ilé Ọlọ́run dàrú. Bí mo bá ní owó tí wọ́n pàdánù ló bí wọn nínú, mo purọ́. Ohun tó dùn wọ́n ni pé wọ́n pọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì ń jà lórí ẹni tí oníjìbìtì náà yàn láàyò jù, oníjìbìtì ti bẹ́ sísàlẹ̀.

Ó já wọ ilé ìdáná. Àwọn ìyá ìjọ yí padà pẹ̀lú ìkòkò bọ́tà gbígbóná lọ́wọ́.

"Nọ́ńbà yín ò tí ì kàn, ọ̀gá," ọ̀kan wí.

Ó tì í, bọ́tà dà, ó yọ̀, ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀, ó dìde, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde. Janelle ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò sáré. Ó rí i tó bẹ́ sínú ọkọ̀, tó ṣáná sí i, tó wo iwájú, tó wo ẹ̀yìn. Ọkọ̀ ló wà níwájú, ọkọ̀ ló wà lẹ́yìn, ọkọ̀ ló wà lọ́tùn-ún lósì, ìdí ọ̀kan sún mọ́ imú èkejì. Kò sì sẹ́ni tó máa kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó jẹ páì tó máa ń gbẹ̀yìn oúnjẹ.

Ó pa iná ọkọ̀. Janelle kan gíláàsì.

"Ṣé ẹ máa jáde ni, àbí kí n bá yín jókòó títí wọ́n á fi jẹun tán?"

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní kí wọ́n fún òun ní omi. Wọ́n fi kọfí lọ̀ ọ́. Ó gbà á lẹ́ẹ̀kan náà.

"Orúkọ?"

"Gaylen Strand."

"Orúkọ tí ìyá rẹ sọ ọ́ ni mo ní."

Ó mu kọfí. "Leland Pruitt."

"Níbo?"

"Nevada. Kì í tutù báyìí."

"Owó dà?"

"Ó wà ní báńkì. Mo ná díẹ̀."

"Kí ló dé tó jẹ́ títì lo yàn?"

Pruitt gbé èjìká. "Gbogbo ìlú ló ń bu owó lé wọn. Inú ń bí wọn, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Mo ń bá wọn gbé ìtìjú yẹn ni. Ẹ̀yin gan-an, ẹ bi wọ́n: inú wọn dùn. Oṣù kan gbáko ni inú wọn fi dùn."

"Ìyá arúgbó yẹn ńkọ́?"

Ó wo inú ife. "Ẹnìkan ló ní kí n lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní ó máa ń gba nǹkan gbọ́. Ẹni kan náà ló pè mí ní hòtẹ́ẹ̀lì pé ọlọ́pàá ń kan ilẹ̀kùn, kí n dá owó tòun padà ní kọ̀rọ̀ kí n tó sá."

"Ta ni?"

Ó sọ ọ́. Janelle ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Báńkì ti owó náà pa. Púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò padà. Lọ́yà ìlú ní, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé jìbìtì ló di àwọn èèyàn náà lẹ́nu, ìgbìmọ̀ yóò gba ìwé àtakò wọn lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹni tó bá sì ti dàgbà tí kò lówó lọ́wọ́ lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n sún ìsanwó tòun síwájú. Ará òpópónà Juniper gbọ́. Verle ní kò burú. Corinne ní ó ṣáà lè burú jù báyìí lọ. Ní ìlú mìíràn, ijó ni wọn ìbá máa jó.

Ardis gbọ́ pẹ̀lú. Ó ń retí pé kí ọkàn òun fò sókè. Kò fò. Ó kàn jókòó, ó sì rí i pé òun ti jẹ odindi búrẹ́dì kan tán láìmọ̀, ebi sì ṣì ń pa òun.

Ìgbà yẹn ni Kendall wọlé pẹ̀lú àpótí aṣọ kan lọ́wọ́. Àpótí náà ṣófo. Ó ń mì bó ṣe ń gbé e.

"Mọ́mì, mi ò ní bínú. Gbogbo ìlú ló gbọ́ ọ lẹ́nu yín fúnra yín. Àjèjì wọlé, ẹ kó owó fún un. Mo ti pe ilé àwọn arúgbó. Wọ́n ń dúró dè wá."

Ardis wo àpótí náà. "Ti bàbá rẹ nìyẹn."

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara aṣọ òtútù."

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Janelle ló wọlé, yìnyín wà léjìká rẹ̀.

"Mo wá kí Mọ́mì Ardis ni, ṣùgbọ́n ó dáa tí mo bá ọ níbí, Kendall. Gbogbo wọn ti wá sọ tiwọn ní àgọ́. Ìwọ nìkan ló kù."

"Tèmi kẹ̀? Tèmi wo?"

"Pruitt ní ìwọ ni oníbàárà òun àkọ́kọ́. Kí òun tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó ní ìwọ lo júwe ilé yìí fún òun. Ó tún ní o pe òun ní hòtẹ́ẹ̀lì."

Kendall la ẹnu. "Ojú ọjọ́…" ó bẹ̀rẹ̀.

"Mo ti rí ojú ọjọ́," Janelle wí.

Ardis ò pariwo. Ó fa àga kan jáde fún ọmọ rẹ̀. "Jókòó. Kí ni ọkùnrin yẹn sọ fún ọ pé ó mú òun yàn ọ́?"

Kendall jókòó. "Ó ní mo mọ bí ayé ṣe ń yí."

Ìyá rẹ̀ mi orí. Ó bu kọfí, ó gbé e síwájú rẹ̀. Kendall kọ̀ ọ́. Ardis ò tún fi lọ̀ ọ́ mọ́.

"Yàrá yẹn," Ardis wí, ohùn rẹ̀ tútù bí ti ẹni tó ń béèrè ọ̀nà, "èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún. Ṣé wọ́n ń gba ọmọ àádọ́ta ọdún?"

Janelle yí ojú sí ògiri kó má bàa rẹ́rìn-ín.

Kendall dìde, ó gbé àpótí náà, ó gba orí pákó tó dábùú kòtò padà sínú ọkọ̀ rẹ̀. Láti fèrèsé, wọ́n rí i tó ṣí bùùtù ọkọ̀, tó gbé àpótí òfìfo náà síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bíi pé ó wúwo.